Hájì Tí Buraimoh Lọ Ṣe ní Ilẹ̀ Gíríìkì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1963, Buraimoh aláṣọ kúrò ní Libreville láti lọ ṣe hájì lórúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú. Kò dé Mẹ́kà. Erékùṣù kékeré kan ní ilẹ̀ Gíríìkì ló lọ, ibẹ̀ ló sì jókòó sí títí àwọn tó lọ sí Mẹ́kà fi ṣe tiwọn tán.

Nígbà tó padà dé, ó wé láwàní, ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Àlàájì.

Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni ìtàn yìí ti jáde. Kò fi nǹkan kan pa mọ́, nítorí nígbà tó ń sọ ọ́, kò sí ohun tó kù tí gbogbo Awendjé, àdúgbò wa ní Libreville, ò tíì mọ̀.

Bẹ̀llò ni orúkọ ọ̀rẹ́ náà. Abọ́ onítánganran ló ń tà. Ọkọ̀ ojú omi kan náà ló gbé òun àti Buraimoh dé Gabon nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ṣọ́ọ̀bù wọn sì kọjú síra. Nígbà tí àìsàn dá Bẹ̀llò dùbúlẹ̀ tó sì rí i pé òun ò ní dìde mọ́, ó pe Sìkírátù ìyàwó rẹ̀.

Ó ní, "Mi ò lè dé Mẹ́kà mọ́. Wá ẹni tó máa bá mi débẹ̀."

Ẹ̀sìn gbà á láyè. Ẹni tó bá kú láìdé ibẹ̀, ẹlòmíràn lè lọ dípò rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ṣe, orúkọ òkú ni yóò máa dá sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n sin Bẹ̀llò, ohun kan ṣoṣo tí Sìkírátù ń fẹ́ láyé nìyẹn.

Wọ́n jókòó sí iwájú mọ́sálásí láti yan ẹni tó máa lọ. Àràmátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ ní Dàhòmì ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, egbò àti èèpo igi ló ń tà lọ́jà. Òun ti dé Mẹ́kà rí, lọ́rì ló sì gbé e gba Kánò àti Fort-Lamy ní ilẹ̀ Chad kọjá.

"Ẹni tó ti lọ rí ni kẹ́ ẹ rán," ni Àràmátù wí. "Ẹni tí ò tíì ṣe tiẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ ṣe ti ẹlòmíràn?"

Buraimoh dìde. "Èmi ló kàn. Ta ló mọ Bẹ̀llò jù mí lọ? Èmi ni mo gbọ́ Faransé. Èmi ni mo ní pásípọ́ọ̀tù."

"Ṣé Faransé ni wọ́n fi ń yí Káábà po?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Lèmọ́mù ní kò burú, ọ̀rẹ́ ni ọ̀rẹ́ ń jẹ́. Sìkírátù náà ní òun fara mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe yan Buraimoh nìyẹn.

Lọ́rì ni wọ́n rò pé yóò wọ̀. Ó kọ̀.

"Èmi? Kí n jókòó sórí àpò iyọ̀ láàárín àwọn ewúrẹ́? Ojú omi ni màá gbà. Yúróòpù ni màá gbà kọjá."

Fọlákẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ayọ̀dé, ṣé Mẹ́kà lẹ̀ ń lọ àbí ìgbéyàwó?"

Buraimoh ti lọ rán ẹ̀wù mẹ́ta.

Ọkọ̀ tó ń kó igi gẹdú lọ sí Piré, èbúté ńlá ilẹ̀ Gíríìkì, ni Buraimoh wọ̀. Ètò rẹ̀ ni pé láti Piré, òun yóò wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Jídà, tí í ṣe èbúté Mẹ́kà. Lórí omi, ẹ̀yìn tó ti máa ń ro ó tẹ́lẹ̀ wá burú sí i. Tó bá dìde, á dìde bí arúgbó. Tó bá jókòó, á kérora.

Alásè ọkọ̀ náà jẹ́ ará Gíríìkì kan tí wọ́n ń pè ní Stamátis, ó kúrú, ó sì sanra. Ó ti gbọ́ Faransé díẹ̀díẹ̀ ní àwọn èbúté wa.

"Patron," ni Stamátis wí, tó túmọ̀ sí ọ̀gá ní Faransé, "ní erékùṣù ìyá mi, omi gbígbóná ń ti inú ilẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fi wẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀yìn ò ní ro ó mọ́."

"Mẹ́kà ni mò ń lọ."

"Ọkọ̀ Jídà ò ní kúrò ní Piré títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i. Kí lo fẹ́ máa ṣe ní Piré? Kí o máa ka ẹyẹ?"

Buraimoh rò ó fún ìṣẹ́jú kan. Òun ló sọ ọ́ pé ìṣẹ́jú kan ni. Àwa ò rò pé ó tó bẹ́ẹ̀.

Nísírọ́sì ni orúkọ erékùṣù náà; Stamátis gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó sì mú un lọ sí ilé ìyá rẹ̀. Kékeré ni, ó dákẹ́ rọ́rọ́, ilé rẹ̀ funfun, ọ̀nà àárín ilé sì há débi pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ṣoṣo ló lè gbà á kọjá. Àwọn ìyá arúgbó aláṣọ dúdú máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa fọ́ èso álímọ́ǹdì. Láàárín erékùṣù náà ni òkè ayọnáyèéfín kan wà. Orí òkè náà ti jìn wọnú bí abọ́ ńlá, èéfín sì ń rú láti ìsàlẹ̀ abọ́ náà, tọ̀sán-tòru. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń wá láti Piré lọ́sẹ̀, ọjọ́ Tuesday ló ń dé, ọjọ́ náà ló sì ń padà.

Buraimoh wẹ omi gbígbóná náà. Ní ọjọ́ kẹrin, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì ro ó rárá. Ó pariwo bí ọmọdé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi ló mú un dúró síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́.

Àwọn ará erékùṣù náà ò rí aláwọ̀ dúdú rí. Bó bá ti ń bọ̀ nínú ẹ̀wù funfun rẹ̀, àwọn ọkùnrin á dìde ní ilé kọfí. Olórí ìlú fún un ní àga tirẹ̀, ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ jókòó lórí rẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀. Stamátis bá a túmọ̀, ó ní oníṣòwò ńlá ni, pé gbogbo ìlú ló rán an níṣẹ́. Wọ́n yọ fìlà fún un. Buraimoh tó ń wọn ọ̀pá aṣọ ní Awendjé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí oníbàárà ń bú nítorí ìka méjì, wá di ẹni tí wọ́n ń yọ fìlà fún.

Tuesday àkọ́kọ́, ọkọ̀ dé. Ó ní ẹ̀yìn òun ò tíì san tán.

Tuesday kejì, ó ní ọdún Àjíǹde wọn ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá Stamátis sì ti bẹ òun kí òun dúró jẹ ọ̀dọ́ àgùntàn. Ó dúró, ó jẹ ẹ́, ó tún bu sí i.

Tuesday kẹta ni ọkọ̀ tó kẹ́yìn tó lè gbé e bá ti Jídà. Ó mọ̀. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gbé e dé etíkun, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé pákó tí wọ́n ń gùn wọ ọkọ̀.

"Patron, ó dàbọ̀ o!" ni Stamátis wí.

Ibẹ̀ ni Buraimoh ti ro gbogbo rẹ̀ wò. Ó rántí oòrùn Mẹ́kà tí Àràmátù máa ń sọ. Ó rántí ìrìn ẹsẹ̀ àti èrò tó ń ti ara wọn. Ó rántí pé aṣọ funfun méjì tí wọn kì í rán ni gbogbo ọkùnrin ń ró níbẹ̀, olówó àti tálákà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ní Mẹ́kà, kò sẹ́ni tó máa dìde fún un.

Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí pákó. Ó gbé ẹrù rẹ̀ padà sí ilé kọfí, ó sì jókòó sórí àga rẹ̀.

Bí ọkùnrin kan ṣe ta hájì ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe obìnrin ló tàn án, kì í sì í ṣe ọtí. Nítorí àga ni.

Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń ṣe hájì ń dúró gbàdúrà ní Arafá, lẹ́bàá Mẹ́kà, ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ó yọ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì funfun, ó ró o mọ́ra, ó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sí orí òkè ayọnáyèéfín náà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wọnú rẹ̀. Ilẹ̀ gbóná lábẹ́ bàtà rẹ̀, ó ń hó bí ìkòkò. Ó dúró sáàárín èéfín, ó pe Bẹ̀llò lórúkọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ibi gbogbo ni Ọlọ́run wà.

Stamátis tẹ̀ lé e débẹ̀. Ó wò ó títí.

"Patron, kí lò ń fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ṣe?"

Kí wọ́n tó kúrò, Stamátis ṣẹ́ òkúta aláwọ̀ ìyeyè kan lẹ́nu ihò èéfín, ó ń dán, ó ní kó mú un lọ fún ìyàwó rẹ̀. Buraimoh jù ú sínú báàgì, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Oṣù keje ló dé Libreville. Ó ní òun ti pinnu pé òun yóò jẹ́wọ́ ní èbúté. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti pé síbẹ̀, wọ́n ń pariwo, "Àlàájì! Àlàájì!" Ó wò wọ́n, ó sì rí i pé wọ́n dìde fún òun.

Kò jẹ́wọ́.

Sìkírátù kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Àlàájì, ṣé ẹ dárúkọ rẹ̀?"

"Mo dárúkọ rẹ̀."

"Ní Arafá?"

"Orí òkè ni mo dúró sí. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta."

Obìnrin náà bú sẹ́kún. "Ẹ ò mú omi Samusamu díẹ̀ wá fún wa láti ibi kànga mímọ́ yẹn?"

Kò sí omi. Buraimoh ki ọwọ́ bọ báàgì, ó ń wá ohunkóhun, ọwọ́ rẹ̀ bá òkúta.

"Omi náà dànù lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n òkúta Arafá rèé. Tọ́jú rẹ̀ dáadáa."

Sìkírátù fi ìborùn funfun wé e. Ó gbé e sínú àpótí kékeré tí tẹ̀sùbáà Bẹ̀llò àti òrùka fàdákà rẹ̀ wà.

Láti ọjọ́ náà, Buraimoh di ojúlówó Àlàájì. Wọ́n gbé e sí iwájú. Wọ́n ní kó sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, ó sì sọ ibi tó rí.

"Ilẹ̀ Arafá gbóná," ni ó wí. "Èéfín ń rú lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ ó gbọ́ tí ilẹ̀ ń hó."

"Sùbúánà-lọ́ọ̀!" ni àwọn èèyàn ń ké. Àràmátù ì bá ti dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ó ti lọ sí Àjàṣẹ́ lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣàìsàn.

Fọlákẹ́ nìkan ni kò ké sùbúánà. Ó ń wo ikùn ọkọ rẹ̀.

"Gbogbo ẹni tó ti Mẹ́kà dé ló máa ń rù," ni ó wí nílé. "Ẹ̀yin nìkan ni mo rí tó sanra. Kí ni wọ́n ń jẹ ní Arafá?"

"Fọlákẹ́, iṣẹ́ ẹ̀sìn ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin."

"Mo gbọ́, Àlàájì. Ẹ fa ikùn yín wọlé, ẹ fẹ́ fi ti agogo ògiri ṣubú."

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀ ní ẹ̀rín. Kò parí.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Sìkírátù wọ ṣọ́ọ̀bù Buraimoh lọ́sàn-án gangan. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó na òrùka ọkọ rẹ̀ sí i. Fàdákà náà ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Àlàájì, mo ṣí àpótí láàárọ̀, bí mo ṣe bá a nìyí. Ọkọ mi ò bọ́ òrùka yìí fún ogún ọdún, kò dúdú rí. Ẹ bá mi wò ó. Ṣé wọn ò gba hájì rẹ̀ ni?"

Àsìkò tó yẹ kó sọ̀rọ̀ nìyẹn. Àwọn méjì péré ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó lè ní kó jókòó, kó sì sọ fún un. Obìnrin náà ì bá sunkún, ì bá bú u, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán.

Ẹ gbọ́ ohun tí Buraimoh sọ.

"Èmi ṣe tèmi débi tó yẹ. Bóyá Bẹ̀llò ní ohun tó ṣe níkọ̀kọ̀ tí a ò mọ̀. Bóyá ó rẹ́ ẹnìkan jẹ. Máa gbàdúrà, máa tọrọ àforíjì fún un."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ọkọ̀ kan náà ló gbé wọn wá.

Sìkírátù gbà á gbọ́. Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààwẹ̀. Ó ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn ní Awendjé, á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, tí ọkọ mi bá ṣẹ̀ yín, ẹ bá mi dárí jì í." Àwọn tí Bẹ̀llò ò ṣẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú ara wọn. Ẹnìkan ní òun rántí abọ́ kan tó ti lu nígbà tó tà á fún òun. Ẹlòmíràn ní òun ti máa ń fura sí i. Kí oṣù tó parí, Bẹ̀llò tó kú ní ẹni rere ti di oníjìbìtì. Sìkírátù rù débi pé ìró ń já bọ́ nídìí rẹ̀.

Buraimoh sì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òdìkejì, ó ń rí i tó ń kọjá. Ó ní oúnjẹ ò lọ lọ́fun òun mọ́ nígbà náà. Fọlákẹ́ ní irọ́ ni, ó ń jẹun.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kọkànlá ni Àràmátù ti Àjàṣẹ́ dé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun ọ̀sán tán, gbogbo èèyàn ṣì wà níwájú mọ́sálásí. Ó rí Sìkírátù, kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

"Sìkírátù! Ta ló ń jẹ ọ́ báyìí?"

Sìkírátù rò ó fún un, ó sì ṣí àpótí náà, nítorí kì í gbé e sílẹ̀ mọ́. Àràmátù wo òrùka. Ó tú ìborùn, ó gbé òkúta sí imú.

"Ta ló fún ọ ní imí ọjọ́?"

"Òkúta Arafá ni, Ìyá. Àlàájì ló mú un wá."

"Àlàájì wo? Imí ọjọ́ ni mo wí! Èmi tí mo ń lọ̀ ọ́ mọ́ àdí lójoojúmọ́ fún àwọn ọmọ tí kúrúnà bò, n ò ní mọ̀ ọ́n?"

Buraimoh ní òun ò tíì rí imí ọjọ́ rí, àfi èyí tí wọ́n ti lọ̀ mọ́ òróró. A gbà á gbọ́ lórí ìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á wá irọ́ tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àràmátù fọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣáná sí i. Ó gbiná, iná rẹ̀ búlúù, òórùn rẹ̀ mú kí àwọn tó súnmọ́ ọn máa wúkọ́. "Ẹ wò ó. Mo dúró ní Arafá láti ọ̀sán títí oòrùn fi wọ̀. Mi ò rí òkúta tó ń jó."

Bàdírù alágbẹ̀dẹ fàdákà, ọmọ Dàhòmì, gba òrùka náà. "Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ wa ló mọ̀ pé imí ọjọ́ ń sọ fàdákà di dúdú. Kò ju oṣù kan lọ tí wọ́n bá jọ wà nínú àpótí." Ó fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ra á. Ojú kan lára rẹ̀ funfun.

Sìkírátù ń wo ojú funfun yẹn.

Àràmátù yíjú. "Buraimoh, súnmọ́ ibí. Mo gbọ́ pé o ní ilẹ̀ Arafá ń rú èéfín."

"Ìyá Àjàṣẹ́, ó ti pẹ́ tí ẹ ti lọ. Ibẹ̀ ti yí padà."

Ẹ̀rín bú. Lèmọ́mù pàápàá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ó ti yí padà? Òkè Arafá ti di àdògán? Níbo lo lọ?"

Láwàní ti yẹ̀ lórí Buraimoh.

"Bàbá Ayọ̀dé," ni Fọlákẹ́ wí láti àárín àwọn obìnrin, "ẹ kúkú wí. Gbogbo wa la ń wo ikùn yín."

"Gíríìkì," ni Buraimoh wí.

"Kí lo wá lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ̀yìn ló ń ro mí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Sìkírátù gbé ẹsẹ̀ méjì síwájú.

"Ṣé ọkọ mi ṣẹ ẹnikẹ́ni?"

"Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

"Mi ò gbọ́."

"Bẹ̀llò ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo parọ́."

"Ẹ rí mi tí mò ń kúnlẹ̀ láti ilé dé ilé. Iwájú ṣọ́ọ̀bù yín ni mò ń gbà kọjá, ẹ sì jókòó, ẹ ń wò mí." Ohùn rẹ̀ ò ga. "Ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlélógún ni mo kúnlẹ̀ sí. Ẹ lọ sọ ohun tí ẹ sọ yìí ní mọ́kọ̀ọ̀kànlélógún."

Lèmọ́mù na ọwọ́, Buraimoh tú láwàní, ó fi lé e lọ́wọ́. Ọ̀sán náà ló bẹ̀rẹ̀. Àràmátù ń tẹ̀ lé e, ó ń ka iye ṣọ́ọ̀bù. Ní gbogbo ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, tòun ti ọ̀rọ̀ àga, wọ́n sì ń bi í léèrè ohun kan náà: ṣé lóòótọ́ ni wọ́n fún un ní àga? Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà á, nítorí àwọn kan ní kó tún un sọ kí ìyàwó àwọn lè gbọ́.

Ní ọdún 1965, Àràmátù wọ lọ́rì lọ sí Mẹ́kà lórúkọ Bẹ̀llò. Buraimoh ló san owó rẹ̀. Ìyá náà mú ìgò omi Samusamu kan bọ̀, ó sì rù gan-an. Òrùka Bẹ̀llò ti funfun padà, Sìkírátù ń fi okùn so ó mọ́ ọrùn. Buraimoh ṣì ń ta aṣọ ní Awendjé. Ẹ̀yìn ti tún ń ro ó.